Ẹ Dá Ẹlẹ́wọ̀n Wa Padà Fún Wa!

Ìbà o, kí n tó la ẹnu. Mo júbà gómìnà Kalifọ́níà, mo júbà àwọn wọ́dà, mo júbà àwọn onílé tó ń fi ẹ̀wọ̀n háyà fún ìjọba. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni mo fẹ́ ṣe. Bí ọ̀rọ̀ mi bá bí ẹnikẹ́ni nínú, tó sì fẹ́ kí wọ́n jù mí sẹ́wọ̀n, kó tètè ṣe é, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jiyàn lọ́hùn-ún lórí èyí tí wọn yóò tún tì. N kò fẹ́ rìn dé ibẹ̀ tán kí n wá bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n ní kí n padà sílé.

Kí ọ̀rọ̀ má baà rú yín lójú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2006, ẹlẹ́wọ̀n tó wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 173. Wọ́n kún débi pé inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni wọ́n ń to ibùsùn sí, ọ̀kan lórí èkejì, èkejì lábẹ́ ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá sùn lókè pátápátá, Ọlọ́run nìkan ló ń wò ó. Ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Washington, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì pàṣẹ ní 2011 pé kí wọ́n dín wọn kù. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dín wọn kù. Àwọn olùdìbò bá wọn dá sí i ní 2014 àti 2016, wọ́n fọwọ́ sí àwọn òfin tó mú kí ìjìyà àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan fúyẹ́. Kòrónà náà dé, ó ṣe ìwọ̀n tirẹ̀. Lónìí, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 90 ni wọ́n ṣẹ́kù.

Ẹ ó rò pé bí ẹlẹ́wọ̀n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, owó náà á dín. Ẹ̀yin náà kúkú lẹ rò bẹ́ẹ̀! Nǹkan bíi bílíọ̀nù 14 dọ́là ni wọ́n ń ná lórí ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n lọ́dún. Àwọn oníṣirò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣe ìṣirò tiwọn, wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n kan ṣoṣo ń jẹ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 132 dọ́là lọ́dún. Ọmọ tó wọ Yunifásítì Stanford, owó ilé-ìwé rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ibi tó ń sùn, àpapọ̀ wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn òbí tó ń san owó Stanford gbọ́ o, kí wọ́n má lọ máa kọ́ ọmọ wọn ní olè jíjà.

Ẹlẹ́wọ̀n kọ́ ló sì ń jẹ owó náà. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni, owó ìtọ́jú aláìsàn ni, àti owó àtúnṣe ilé tó ti gbó. Ẹlẹ́wọ̀n kàn ń bá wọn sùn níbẹ̀ ni.

Èyí ló mú kí àwọn kan ní Sacramento, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, sọ pé ẹ jẹ́ ká ti díẹ̀ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n pa kí a fi tọ́jú owó. Wọ́n ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Tracy ní 2021. Ọ̀rọ̀ kò dun ẹnikẹ́ni púpọ̀, Tracy kò jìnnà sí ìlú ńlá, iṣẹ́ mìíràn wà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan Susanville ni ayé gbọ́.

Susanville wà lókè lọ́hùn-ún, ní káúńtì Lassen, láàárín òkè àti igi páìnì, níbi tí ó sún mọ́ Nevada ju ibi tí gómìnà ń gbé lọ. Igi gígé àti igi lílà ni wọ́n fi ń jẹun tẹ́lẹ̀. Nígbà tí igi kò mówó wọlé mọ́, wọ́n yíjú sí ẹ̀wọ̀n. Ọ̀kan dé ní 1963, òmíràn dé ní 1995 ó jókòó tì í, ìjọba àpapọ̀ sì kọ́ tirẹ̀ sí Herlong, nínú káúńtì yẹn kan náà. Nígbà tí àwọn akànìyàn bá dé, wọ́n á ka ẹlẹ́wọ̀n mọ́ ará ìlú, ìlú á sì tóbi. Mo ti rí ìlú tó ń fi ọba yangàn, mo ti rí èyí tó ń fi ọjà yangàn. Ìlú tó ń fi ẹni tí kò lè jáde kún iye ara rẹ̀, ti Susanville ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Ní oṣù Kẹrin 2021, ìjọba kéde pé àwọn yóò ti èyí tó ti wà láti 1963, àti pé yóò dín nǹkan bíi mílíọ̀nù 122 dọ́là kù nínú ìnáwó ọdọọdún. Níbòmíràn, bí a bá sọ fún ará ìlú pé a fẹ́ kó àwọn ọ̀daràn kúrò ládùúgbò wọn, wọ́n á pa àgbò. Ẹkún ni Susanville bú sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: wọ́n sun ẹkún náà dé kóòtù. Ẹ mọ òfin tí wọ́n dì mú? Òfin ìdáàbòbò àyíká! Òfin tó ní kí ìjọba kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe fún igi, ẹyẹ àti omi kó tó dáwọ́ lé e. Àwọn tí àáké kò kúrò lọ́wọ́ bàbá wọn ló wá di agbẹjọ́rò ewéko ní ọ̀sán gangan. Mo ti ronú ronú, n kò tíì mọ ẹyẹ tí yóò ṣàárò ẹlẹ́wọ̀n. Adájọ́ ìlú wọn gbà fún wọn, ó ní kí ìjọba dúró ná.

Àwọn aṣòfin wá ṣe ohun tí aṣòfin máa ń ṣe bí òfin bá dí wọn lọ́nà. Wọ́n ṣe òfin mìíràn. Ní 2022, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìṣúná pé títi ẹ̀wọ̀n pa kò sí lára ohun tí òfin àyíká ń bá wí. Adájọ́ ká ọwọ́ kúrò. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 2023, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyókù ata rẹ́ wọn lójú. Àwọn ará Lassen yìí kì í fẹ́ gbọ́ pé ìjọba ń náwó. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé owó ìjọba ń ran aláìní lọ́wọ́, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni wọ́n ń bọ́. Owó ìjọba tó bá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n wọlé nìkan ni kì í bọ́ ọ̀lẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, nígbà tí wọ́n dìbò bóyá kí Gómìnà Gavin Newsom máa lọ sílé, káúńtì Lassen ló ta gbogbo yòókù yọ: ó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn tó ní kó máa lọ. Kó máa lọ o, ṣùgbọ́n kó fi ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ fún àwọn kó tó lọ!

Ibi tí ẹ̀rín ti pa mí kú nìyí. Ẹgbẹ́ àwọn wọ́dà Kalifọ́níà lágbára gan-an, owó wọn kì í sì í sùn. Ṣáájú ìdìbò náà, ẹgbẹ́ yìí kó mílíọ̀nù 1.75 dọ́là sílẹ̀ láti fi gbèjà Newsom. Ìwọ wọ́dà Susanville, jókòó, jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò yìí. Oṣù Kẹrin, gómìnà ní òun yóò ti ibi iṣẹ́ rẹ pa. Oṣù díẹ̀ sí i, owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù rẹ lọ gba gómìnà náà sílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án, o tò sórí ìlà, o dìbò kó máa lọ. Kò kúrò lórí àga, ó sì ti ẹ̀wọ̀n rẹ. Ẹni tó bá ń wá ibi tí owó ti ń ṣiṣẹ́ ju ìbò lọ, ọ̀dọ̀ rẹ ni kó wá.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí mo fi bá wọn sunkún. Ọgbà tí wọ́n tì yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní iṣẹ́ panápaná inú igbó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2021 tí wọ́n wà ní kóòtù, iná tí wọ́n ń pè ní Dixie ń jó lágbègbè wọn, ó jó ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan éékà. Ẹlẹ́wọ̀n wà lára àwọn tó máa ń bá wọn dojú kọ irú iná bẹ́ẹ̀ ní Kalifọ́níà. Nígbà náà, owó ojúmọ́ wọn kò ju dọ́là márùn-ún àti sẹ́ńtì díẹ̀ lọ, wọ́n á fi dọ́là kan kún un fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wà nídìí iná. Àwọn tó yẹ kí wọ́n fi bẹ ìjọba nìyẹn, kì í ṣe ẹyẹ.

Ó kan ọ̀gá wọn, Newsom oníirun dídán. Ọ̀gá yìí fẹ́ràn kó máa sọ pé òun ti ti ẹ̀wọ̀n, irọ́ sì kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣirò ilé aṣòfin yẹn tún dé. Wọ́n ní ibùsùn tó ṣófo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ti márùn-ún sí i, kí ìpínlẹ̀ sì máa tọ́jú nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dọọdún. Ọ̀gá fọwọ́ fa irun sẹ́yìn. Ó ní rárá, a nílò ààyè, a nílò yàrá ẹ̀kọ́, a kò mọ ohun tí ọ̀la yóò bí. Nígbà náà, ibùsùn bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 15 wà nílẹ̀ tí ẹnìkan kò sùn lé, ọ̀la wo ló ń retí? Ṣé ó fẹ́ ṣe ìyàwó ni? Èyí tí wọ́n sì tì gan-an, wọn kò ì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iná ń tàn níbẹ̀, omi ń sàn nínú páìpù, òṣìṣẹ́ ń ṣọ́ ilé kó má baà bàjẹ́. Ẹlẹ́wọ̀n ti lọ tán, owó kò mọ ọ̀nà àbájáde.

Ká tó gbàgbé, àwọn olùdìbò tó dín ìjìyà kù ní 2014 tún tò sórí ìlà ní 2024, wọ́n dìbò kí ìjìyà olè àti ti oògùn olóró tún le sí i. Mo kí yín o. Ẹ bá mi wí: ẹ fẹ́ kí ilé náà kún ni, àbí ẹ fẹ́ kó ṣófo?

Blythe ló kàn. Inú aṣálẹ̀ ni Blythe wà, létí odò Colorado, níbi tí Kalifọ́níà ti bá Arizona pààlà. Ẹ̀wọ̀n méjì wà níbẹ̀ tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Chuckawalla ni ọ̀kan ń jẹ́, ara alángbá aṣálẹ̀ kan ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ó sì bá a mu, nítorí ooru ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, alángbá ló lè fara dà á. Ní oṣù Kejìlá 2022, ìjọba ní Chuckawalla ni àwọn yóò tì. Àwọn aṣáájú Blythe gbéra, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí n kò tíì gbọ́ rí lẹ́nu aládùúgbò rere. Wọ́n ní ẹ fi tiwa sílẹ̀, ẹ lọ ti ti ìlú Norco. Ẹ wo ìwà! Ilé yín ń jó, ẹ ń júwe ilé ẹlòmíràn fún iná.

Wọ́n ti Chuckawalla ní oṣù Kọkànlá 2024, kò tiẹ̀ dé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba kéde pé àwọn yóò ti Norco náà nígbà ìwọ́wé 2026. Ẹ̀yin ará Blythe, gómìnà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ó kàn dúró kó ti tiyín tán ni.

Àwọn ará Norco ní tiwọn, ẹ ò rí irú wọn. Ìlú ẹlẹ́ṣin ni, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti yẹ kó máa rìn létí títì, ọ̀nà ẹṣin ni wọ́n là sí i, igi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́ sì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó pẹ́ tí àwọn aláṣẹ wọn ti fẹ́ kí ẹ̀wọ̀n náà kúrò. Ní 2012 ìjọba ní òun yóò tì í, ó tún yí ohùn padà. Ẹ ò sì lè bá wọn wí: hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ni ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kejì 1929 fún àwọn ọlọ́lá àti òṣèré Hollywood. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Hòtẹ́ẹ̀lì di ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ojú omi, ilé ìwòsàn di ibi tí wọ́n ń ti àwọn tí oògùn olóró ti sọ di ẹrú mọ́. Nígbà tó yá, ilé aláràbarà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wó lẹ́yìn wáyà. Ìlú wo ló fẹ́ ẹ̀wọ̀n tó ti ní hòtẹ́ẹ̀lì rí?

Inú wọn ti ń dùn. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gba California City kọjá kí wọ́n tó na ìlù. Nínú aṣálẹ̀ Mojave lọ́hùn-ún, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, CoreCivic, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tí ìjọba Kalifọ́níà ń háyà láti 2013, nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 dọ́là lọ́dún. Ní oṣù Kẹta 2024, ìjọba ní òun kò háyà mọ́, òun ń tọ́jú owó. Àwọn tí kò fẹ́ràn ẹ̀wọ̀n jó, wọ́n yọ̀. Onílé kò bínú, kò sunkún, kò lọ sí kóòtù nítorí ẹyẹ. Ó kàn lẹ pátákó mọ́ ara ilé pé yàrá wà. Nígbà tó fi di ìparí oṣù Kẹjọ 2025, ayálégbé tuntun ti dé láti Washington, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀: ibùsùn 2,560, fún àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn kò pé. Kò sí èyí tó tóbi tó o ní gbogbo Kalifọ́níà nínú irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò ní Los Angeles, ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní kí wọ́n máa mú ìwé dání bí wọ́n bá fẹ́ ra iṣu.

Ẹ̀yin ará Norco tí ẹ ti ń ra aṣọ ẹbí sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọn yóò kó ẹlẹ́wọ̀n lọ, ẹ rọra fún télọ̀ lówó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ẹni tó ti wá wo yàrá.