Gíráàdù àti Iṣẹ́ Inú Fóònù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá yín. Ẹ ṣáà mọ ọmọ Ìyá Alákàrà, èyí tí gbogbo agboolé wa ní Ṣàgámù ń pè ní Gíráàdù? Ẹni tó jẹ́ pé kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, fóònù ló kọ́kọ́ ń tẹ̀? Ìyá rẹ̀ á máa dín àkàrà, òun á wà lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dé, á máa wá iṣẹ́.

Gbogbo iṣẹ́ tó bá ṣáà ti yọjú ló ń kọ̀wé sí. Wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì, ó ti kọ̀wé. Wọ́n ń wá alásè fún òtẹ́ẹ̀lì l'Ábújá, Gíráàdù tí kì í se ẹyin kó má jóná, ó ti kọ̀wé. Lẹ́tà kan náà sì ni o! Ó kọ sí ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan pé láti kékeré lòun ti fẹ́ràn sìmẹ́ńtì. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ímeèlì rẹ̀ wá ńkọ́? Sweetboy4real! Ó ní láti ilé ìwé girama lòun ti ń lò ó. Ta ni yóò gbé àpò owó lé Sweetboy lọ́wọ́?

Kì í kúkú ṣe òní là ń wáṣẹ́ ní Rẹ́mọ. Awólọ́wọ̀ tiwa n'Íkẹ́nnẹ́, kó tó di Awólọ́wọ̀, ó ṣe tíṣà, ó kọ́ ìwé títẹ̀ àti ṣọ́táǹdì, ó ṣe akọ̀wé ní Wesley College n'Íbàdàn, kó tó bọ́ sídìí iṣẹ́ oníròyìn ní Daily Times ní 1934. Nígbà yẹn, owó sítáǹpù kì í jẹ́ kéèyàn kọ̀wé káàkiri ayé. Tòde òní, ìka lásán ni. Àwọn ọmọ Yunifásítì Ifẹ̀ ló dá Jobberman sílẹ̀ ní 2009, lásìkò tí àwọn olùkọ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan: tíṣà ń daṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ ilé ìwé ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀! Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún, ọmọ Ìperu níbí, náà sì ṣí ojúlé ìwáṣẹ́ ìpínlẹ̀ Ògùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2019. Gíráàdù wà ní gbogbo ibẹ̀. Dátà ń tán, ìyá ń san án.

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé ná? Ẹ̀n-ẹ́n, àǹtí rẹ̀ tó ń ta obì ní Sábó. Obìnrin yẹn, ẹnu rẹ̀ mú! Ó wá kí wọn lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó ti Gíráàdù, ó ń wo bó ṣe ń tẹ fóònù.

"Ṣé o rí mi rí kí n da gbànja pọ̀ mọ́ abàtà, kí n wá máa pe ẹni tó bá ṣáà ń kọjá? Kí lo kọ́ níléèwé gan-an?"

"Ìṣírò owó ni, mà."

"Nọ́ọ̀sì wá ńkọ́?"

Gíráàdù ò fèsì. Ni àǹtí bá ní kó yọ gbogbo ìyókù kúrò, kó mú ìṣírò owó nìkan, kó sì mú ibi tí owó mọ́tò ò ti ní jẹ owó oṣù tán: àwọn ilé iṣẹ́ Flowergate, ọsibítù ńlá tó wà níbí, Babcock n'Ílíṣàn. Ó ní kó ṣètò fóònù kó máa fúnra rẹ̀ ta á lólobó bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá yọ, kó yé jẹ dátà ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù:

"Báwo lò ń ṣe kọ Ṣàgámù bó o bá ń wá iṣẹ́ níbẹ̀?"

Sagamu ni Gíráàdù ń kọ látọjọ́ yìí. Ẹ ò mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń fi h sí i, Shagamu, tí àwọn kan sì ń kọ Ogun lásán? Bó ṣe fi h yẹn sí i báyìí, iṣẹ́ tí kò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú!

Ímeèlì Sweetboy, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló ń lò báyìí. Àǹtí tún fún un ní ìwé èsáísì bí èyí tó fi ń kọ gbèsè obì: ọjọ́ tó kọ̀wé, ẹni tó kọ ọ́ sí, CV tó fi ránṣẹ́. Ọkùnrin kan pè é lẹ́yìn náà pé kó san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gbà á. Gíráàdù ṣí ìwé, kò rí orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn níbẹ̀. Ìyá Alákàrà gba fóònù, ó ní kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wá san owó àkàrà. Fóònù kú fin-ín!

Wọ́n ti wá pè é fún íntáfíù báyìí, ní Flowergate níbẹ̀ yẹn. Bàbá Onílé ló yá a ní táì, táì tó gùn dé orúnkún. Ṣùgbọ́n Bàbá ò yá a lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ó ní kí Gíráàdù bá òun náà wá iṣẹ́ alága sínú fóònù, iṣẹ́ ìjókòó nìkan, kó má sì gbàgbé h.