Ẹni Tó Lẹrú Tí Kò Lẹrù

Wáráńtì ọdún méjì ni wọ́n kọ sórí ìwé tí aládùúgbò wa kan gbà lọ́jọ́ tó ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń fi bátìrì rìn. Ọdún méjì gbáko! Mo ní kó jẹ́ n ka ìyókù. Ìyókù ní bátìrì kò gbọdọ̀ fojú kan omi. Kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú oòrùn. Iná tí wọ́n bá fi ṣáájì rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa lọ sókè sódò. Wọn kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo lé e, wọn kò sì gbọdọ̀ gùn ún gba ojú ọ̀nà gbágungbàgun. Mo yí ìwé náà padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá wọ́n kúkú kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ń gbé ní Amuwo-Odofin kò gbọdọ̀ rà á.

Torí Festac la wà. Bí òjò oṣù keje bá da ara rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, àwọn títì kan wà níbí tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló yẹ wọ́n. Oòrùn kì í tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ti iná Eko Disco, tí àwa ṣì ń pè ní NEPA, lílọ sókè sódò ni iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ojú ọ̀nà tó tẹ́jú ńkọ́? Kí ẹni tó kọ ìwé yẹn wá sí Mile 2, kó wá wo ibi tí tírélà ti gbẹ́ kòtò sí. Lóòótọ́, ọ̀nà tẹ́jú níbí rí. Ìyẹn lọ́dún 1977, nígbà tí ìjọba ológun kọ́ àdúgbò yìí fún àwọn àlejò tó wá ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri àgbáyé. Àfi bó bá jẹ́ ọdún náà ni wọ́n ti kọ wáráńtì ọ̀hún.

Ẹ má tíì fi aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín, ó nídìí tó fi ra nǹkan yìí. Lítà epo bẹntiróò kan kò tíì tó 200 náírà kí ìjọba tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 1,000, ibòmíràn sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ti 2nd Avenue lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Trade Fair lójoojúmọ́, tó wá rí kẹ̀kẹ́ tí kì í mu epo, a ò gbọdọ̀ bi í pé kí ló rí.

Kò tó ọdún kan tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ bátìrì. Ibi tó ń lọ lálọbọ̀ tẹ́lẹ̀, ó di pé ó ń dákú sí Agboju. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó gbé ìwé ọdún méjì rẹ̀ lọ bá ọlọ́jà. Kò lọ. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ló lọ bá. Ọmọ náà yí kẹ̀kẹ́ po, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bátìrì yín ò bàjẹ́. Wọ́n kàn dè é ni.” Wọ́n dè é! Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ohun tí wọ́n bá ti dè, títú ló kù. Ọmọ náà wá ápù kan jáde lórí fóònù aládùúgbò wa, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe kẹ̀kẹ́, ó fi Bluetooth so ó mọ́ bátìrì. Bátìrì béèrè nọ́ńbà àṣírí. Ọmọ tẹ 123456. Ilẹ̀kùn ṣí. Ohun tó gbówó lórí jù lọ lára kẹ̀kẹ́ nìyẹn o, nọ́ńbà tí ọmọ jẹ́léósinmi lè kà lórí ni wọ́n fi tì í.

Inú aládùúgbò wa dùn débi pé ó ya fọ́tò ohun tí ápù náà fi hàn, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún iyára kẹ̀kẹ́, wọ́n sì sún ibi tí bátìrì ti gbọ́dọ̀ dá iná dúró sísàlẹ̀ sí i. Fún ìgbà díẹ̀, ọkùnrin yìí di aláṣẹ 2nd Avenue. Ó ń ya kẹ̀kẹ́ Márúwá sílẹ̀, ó ń juwọ́ sí wọn. Lọ́jọ́ kan, gbogbo rẹ̀ kú pátápátá.

Ẹni tó lẹrú ló lẹrù: ohun tí ẹrú bá rù, olówó rẹ̀ ló ni ín. Badagry ni òpópónà iwájú Festac lọ, àwọn tó sì ṣòwò ẹrú ní ìlú yẹn láyé ọjọ́un kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí òfin yìí. Ṣùgbọ́n wọn kò rí irú ẹrú tí aládùúgbò wa rà. Ó sanwó ẹrú, ó gba risíìtì ẹrú, iná ilé rẹ̀ ló fi ń bọ́ ẹrú, ẹrú sì ń ru ẹrù kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bó bá fọwọ́ kan ẹrù náà, ọ̀daràn ni. Bí ẹrù bá bàjẹ́, tirẹ̀ ni.

Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ bá ọlọ́jà. Ó fojú aláìmọwọ́mẹsẹ̀ wọlé. Ọlọ́jà so ápù tirẹ̀ mọ́ bátìrì, ó wo fóònù, ó mi orí.

“Ọ̀gá, ápù mìíràn ti wọ inú bátìrì yìí. Wáráńtì ti kú.”

“Ápù bí ti báwo? Èmi ò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ ápù o. Mo fi Ọlọ́run búra!”

Ápù náà wà lórí fóònù tó dì mọ́ àyà búra, láàárín WhatsApp àti ti báńkì. Kò tiẹ̀ rántí pa á rẹ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ẹni tó mọ irọ́ pa kì í ṣe báyìí.

Ṣùgbọ́n ọlọ́jà gan-an ni mo ní lọ́kàn. Bátìrì 48 volt irú èyí, ìlà sẹ́ẹ̀lì 13 ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá kún, 4.2 volt ni. Bí wọ́n bá fa iná inú rẹ̀ kọjá 2.5 lọ sísàlẹ̀, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ wọn, tó ń dá iná dúró bí ọ̀kan bá ti fẹ́ ṣubú tàbí tó bá gbóná jù, tó sì ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ ni kéèyàn lọ máa sún ààlà rẹ̀ káàkiri, ó sì léwu: ní New York nìkan lọ́dún 2023, èèyàn 18 ló kú nínú iná tí bátìrì lítíọ́mù dá sílẹ̀. Mo gba ìyẹn fún ọlọ́jà. Àmọ́ bátìrì ti ń ṣàìsàn kí ọmọ oní-fóònù tó fojú rí i! Ẹ wo fọ́tò tí wọ́n yà kí wọ́n tó yí ohunkóhun padà: ìlà kan ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí méjìlá yòókù ń wò ó látòkè. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú àkọsílẹ̀ tí ọlọ́jà ń kà lójú wa. Ó ka ibi tó gbè é, ó pa ìwé dé. Aládùúgbò wa ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà wò ó. Wọ́n ní àṣírí ilé iṣẹ́ ni. Àṣírí! Bátìrì tó fi owó ara rẹ̀ rà, tó ń gbé sùn ní pálọ̀, òun ni kò gbọdọ̀ mọ ohun tó ń ṣe é. Ìwà olè ni. Mo sọ ọ́, n kò fi bò.

Ọkùnrin yìí kò sì lè yọ fọ́tò rẹ̀ jáde. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ọlọ́run búra pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ ápù.

Ápù àjèjì kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀tá nígbà gbogbo. Ní oṣù keje ọdún 2023, VanMoof, ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ oníná ní Amsterdam, wọko gbèsè. Àyà àwọn tó ra kẹ̀kẹ́ wọn já: bí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà bá kú, kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ápù á bá a lọ. Cowboy, tó jẹ́ orogún wọn ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ló sáré ṣe ápù kan tó ń jẹ́ Bikey kí àwọn èèyàn náà lè tọ́jú kọ́kọ́rọ́ wọn. Òyìnbó náà ń wá ẹni tí yóò bá a tú ohun tí wọ́n dè.

Ní Kútọnu àti Lomé, ọ̀rọ̀ náà yé oníkálukú. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gun ọ̀kadà oníná ti ilé iṣẹ́ Spiro níbẹ̀ mọ̀ pé bátìrì kì í ṣe tàwọn. Bó bá tán, wọ́n á yà sí ibùdó, wọ́n á fi pààrọ̀ èyí tó kún, wọ́n á sanwó, wọ́n á máa lọ. Ẹlẹ́rú mọ ara rẹ̀, ẹlẹ́rù mọ ara rẹ̀. Ti ọlọ́jà wa ló yàtọ̀: ó ta ẹrú, ó ta ẹrù, ó gba owó méjèèjì, ó sì tún di ẹrù mú.

Òfin Magnuson-Moss ti Amẹ́ríkà, láti ọdún 1975, kò gbà kí ilé iṣẹ́ máa pa wáráńtì kìkì nítorí pé oníbàárà lo ohun tí kì í ṣe tiwọn. Àfi kí wọ́n fi hàn pé ohun náà ló ba ọjà jẹ́. Tiwa náà wà. Òfin FCCPA ti ọdún 2018 ní ọjà tí a bá rà gbọ́dọ̀ dára, kó sì lálòpẹ́ níwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu, òun ló sì dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ní LASCOPA tirẹ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún aládùúgbò wa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fẹ́ máa ti kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba?” Mo ní ìwé ni wọ́n ń kọ, wọn kì í ti kẹ̀kẹ́. Ó ní òun á rò ó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lọ́dọ̀ ọmọ oní-fóònù, ó ń béèrè bóyá ápù mìíràn wà.

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, gbọ́ tèmi. Padà lọ bá ọlọ́jà, jẹ́wọ́ pé o fi ápù àjèjì wọ inú bátìrì, kí o sì gbé fọ́tò yẹn sí i lójú. Bí kò bá dá ọ lóhùn, so fọ́tò náà mọ́ ẹ̀sùn tí o máa kọ sí LASCOPA. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rà, kí ẹ tó ka owó, ẹ ní kí ọlọ́jà kọ ọ́ sórí risíìtì pé ta ló ni nọ́ńbà àṣírí bátìrì, ta ló sì láṣẹ láti ka àkọsílẹ̀ inú rẹ̀. Bó bá ní òun ò lè kọ ọ́, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé.