Bàbá Ọlọ́run-ń-wò

Ní Ìdànrè, ì báà ṣe Òdòdè, ì báà ṣe Aládé, kò sí àdúgbò tí kò ní Bàbá Ọlọ́run-ń-wò tirẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, àgbà ìjọ sì ni pẹ̀lú. Ó ní ẹnì kan tó ṣẹ̀ ẹ́: ọkùnrin tí oko wọn jọ pààlà. Bàbá ní ọkùnrin náà hú pèrègún ààlà, ó sì lọ tún un gbìn síbi tó wù ú. Bàbá ò gbé e lọ kóòtù, kò gbé e dé ààfin Ọwá. Ó ní òun ti fa ẹjọ́ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ó fà á lé E lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀, Sáàmù 35. Lóru, Sáàmù 109, pẹ̀lú àbẹ́là àti omi inú ike. Láàárín méjèèjì, ó ń yọjú lójú fèrèsé, bóyá ọkọ̀ Hilux ọkùnrin náà ṣì ń rìn. Bí táyà rẹ̀ bá jò, Bàbá á ní, "Ṣé ẹ ti rí i? Ó ti bẹ̀rẹ̀." Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ tán, tí ọkọ̀ gbéra, á mí kanlẹ̀: "Ọlọ́run kì í kánjú."

Ìyà tí Ọlọ́run máa fi jẹ ọkùnrin yìí gan-an, Bàbá ti bá A ṣètò rẹ̀. Kó má kú o! Bó bá kú, ó bọ́ nìyẹn. Kó wà láàyè, kó máa fi ẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú ilé Bàbá, kó máa kí Bàbá lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń ta ayò, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Bó bá dá a lójú, kó gun Òkè Ìdànrè, kó ki ẹsẹ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn!" Wọ́n ní ojú ẹsẹ̀ inú àpáta yẹn máa ń ba ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu, lọ́mọdé lágbà, àfi àjẹ́. Àgbà ìjọ tó ń fi àpáta halẹ̀ mọ́ èèyàn, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọkùnrin kan bi í pé, "Bàbá, ẹ̀yin náà ti ki tiyín bọ̀ ọ́ rí?" Ojú ẹsẹ̀ ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá. Àtẹ̀gùn òkè yẹn mà lé ní 600.

Ìgbéraga ọkùnrin náà ló ń dùn ún ju ilẹ̀ lọ. Nígbà tí àrùn àti ojú ọjọ́ ba kòkó Gánà àti Kọ́dífúà jẹ́, owó kòkó fò sókè. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan ti ju 12,000 dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Ọkùnrin náà ra Hilux. Ìgbéraga nìyẹn. Bàbá náà pààrọ̀ páànù ilé, ó rán léèsì mẹ́ta, ó ra àga tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lára ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbùkún nìyẹn.

Àwọn méjèèjì ló tọ́jú kòkó pamọ́, pé owó rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá lé sí i. Kò lé. Kó tó di òpin ọdún 2025, ó ti já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 6,000. Wọ́n ní ọkùnrin náà ń wá ẹni tó máa ra Hilux. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó ní Ọlọ́run ti dájọ́, ó ti rẹ agbéraga sílẹ̀. Ó jó, ó yí, ó ná owó fún onílù.

Ìgbà tó padà jókòó ni ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ:

"Bàbá Fẹ́mi, àpò kòkó tiwa tó kún yàrá ńkọ́?"

Bàbá nu òógùn ojú.

"Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́," ó ní. "Àwọn ará ilé yín ló wà nídìí ìyẹn."