Dírágónì Tí Kò Mọ Ènì

Ta ló rán Gary Gygax àti Dave Arneson níṣẹ́ ọjà? Ní 1974 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjèèjì yìí gbé eré kan jáde tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons. Àwọn àgbàlagbà onírùngbọ̀n á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa da dáìsì olójú 20. Ẹnì kan láàárín wọn, tí mo sọ ní Baba Alálọ̀ọ́, á máa wí fún wọn pé inú ihò ni wọ́n wà, pé dírágónì ń bọ̀, wọ́n á sì máa làágùn. Mi ò bá wọn jà lórí dírágónì. Àwa tí ìjàpá ti bá ọba sọ̀rọ̀ lójú wa, tí a sì tún bá a gbè é lórin, kí la fẹ́ wí? Owó ọjà wọn ló ń bí mi nínú. Ẹni tó kọ ìwé iye owó inú eré yẹn kò tẹ ẹsẹ̀ bọ ọjà Òmù-Àrán rí, ká má tan ara wa.

Ẹ gbọ́ ná. Owó bàbà 100 ni owó wúrà kan. Adìyẹ kan, owó bàbà méjì. Ewúrẹ́ kan, owó wúrà kan. Ìyẹn ni pé ewúrẹ́ kan tó adìyẹ 50! Ewúrẹ́ wo nìyẹn, èyí tó jáde yunifásítì? Ìwọ̀n pọ́ùn ata kan, owó wúrà méjì. Àgùntàn náà, owó wúrà méjì. Ata tí kò kún abọ́ ìyá yín, àgùntàn kan gbáko, tàbí adìyẹ 100! Ká ní Ìyá Aláta gbọ́ ni, ì bá ti kó àpò mẹ́ta dé ibẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ààfin ti di tirẹ̀, ọba ń bá a di ata lẹ́rù, dírágónì ń ṣọ́ ìsọ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù wà nínú ẹ̀dà tó jáde ní 2003. Àkàbà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, owó bàbà márùn-ún. Ọ̀pá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, owó bàbà 20. Ẹ̀yin ará ilé, kí ni àkàbà bí kò ṣe ọ̀pá méjì tí wọ́n fi igi wẹ́wẹ́ dè pọ̀? Ra àkàbà, tú u, ta ọ̀pá méjèèjì. Ká tiẹ̀ ní oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ rà á ní ìdajì owó, gẹ́gẹ́ bí òfin eré náà ṣe wí, owó bàbà 20 ti wọlé lórí márùn-ún, igi wẹ́wẹ́ tó kù á sì se iṣu. Àwọn tó ń ṣe eré yìí kárí ayé ti rí i tipẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín. Ẹ̀rín kẹ̀! Aláròóbọ̀ kan láti ìlú Òrò kò ní rẹ́rìn-ín. Á ti lọ gba àjọ, á ti ra gbogbo àkàbà ìlú. Àwọn akọni inú eré tó ń fi ẹ̀mí wọn tọrọ wúrà lẹ́nu dírágónì, ó yẹ kí wọ́n lọ jókòó sílé máa tú àkàbà.

Àbùkù tó tún wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í sábà ná ọjà. Ìwé ti dárúkọ owó, akọni a ka owó lélẹ̀, ó parí. Ẹ jẹ́ ká rán ìyá kan láti ìhà tiwa lọ ra idà.

“Èló ni?”

“Owó wúrà 15, Màmá.”

“Èyí tó ti dípẹtà yìí? Gba mẹ́ta, ọkọ mi.”

“Ẹ ò fẹ́ rà ni, Màmá.”

“Ó dáa, ó dàárọ̀.”

Kò ì tíì dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi pè é padà. Owó wúrà márùn-ún ló san, ó sì dúró.

“Kí ló tún kù, Màmá?”

“Ènì mi ńkọ́?”

Apata ló gbà ní ènì.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ẹrù. Ìwé wọn ní owó 50 ló wọ̀n tó pọ́ùn kan, nítorí náà owó wúrà 10,000 tí dírágónì sùn lé jẹ́ pọ́ùn 200. Akọni tí agbára rẹ̀ jẹ́ 15 a gbé e, a sì máa fò lórí àfonífojì! Àwọn baba wa tó fi owó ẹyọ nájà mọ bí owó ṣe ń dun ọrùn. 40 lórí okùn kan, okùn 50 ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ, ó di orí alábàárù. Kò sẹ́ni tó gbé ọ̀kẹ́ kan tó tún bá ẹranko jà.

Nígbà tí ọrùn dun àwọn tó ṣe eré yìí, wọ́n dá àpò idán kan sílẹ̀ tó ń gba ẹrù pọ́ùn 500, tí kì í sì wúwo ju 15 lọ. Idán wo? Ṣé wọn ò tíì rí àpò ọwọ́ àǹtí yín níbi ìnáwó ni? Ìrẹsì wọlé, mọ́ínmọ́ín wọlé, ike tí wọ́n pín wọlé, itan ẹran tó yẹ kó kan gbogbo tábìlì wọlé, àpò ò sì yọ kókó. Ìwọ tó ń kà á tó ń rẹ́rìn-ín, mo rí ọ. Ìgò máltì méjì wà ní ìsàlẹ̀ tìrẹ.

Nínú ẹ̀dà àtijọ́ eré náà, owó wúrà kan tí akọni bá gbé jáde nínú ihò, àmì ìrírí kan ni wọ́n ń kà fún un. Owó ń sọ ènìyàn di ọlọ́gbọ́n! Bó bá rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí, àwọn olóṣèlú wa ì bá ti máa kọ́ Ọ̀rúnmìlà ní Ifá. Ní ti idà idán tí wọ́n ń ta ní owó gọbọi, ìtàn ní ọba Ọ̀ràngún ní ogbó, àdá tó mọ̀nà fúnra rẹ̀. Kò ra dátà, ogún ló fi jẹ.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn akọni yìí dé ìlú Èsìẹ́ o. Wọ́n á bá ère òkúta tó lé ní 1,000 níbẹ̀, púpọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, irun wọn gún régé, òmíràn mú idà, òmíràn mú ohun èlò orin, kò sì sí dírágónì kankan tó ń ṣọ́ wọn. Orí ère á ti wọ àpò idán kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ rọra, òfin Nàìjíríà ti 1979 kò fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ láyè láti ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ ò sì ní rí ìdajì owó kankan níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., dé ibẹ̀ ní 1933, ìwé òyìnbó sì ní òun ló ṣàwárí ère. Ó ṣàwárí ohun tí ará ìlú ti ń bọ kó tó dé! Èmi náà ṣàwárí ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò mi lánàá. Ní 1945 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Àwọn àgbà ní àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn ère náà, kí wọ́n tó di òkúta. Mo gbà, àpótí tí wọ́n jókòó lé nìkan ló ń yà mí lẹ́nu. Àlejò tó fẹ́ kí ìlú kọjá lọ kì í jókòó. Ọjà ni wọ́n wá ná, wọ́n sì bá ìyá kan tó ní kí wọ́n ṣì jókòó ná, òun ń bọ̀ wá fún wọn ní ṣéńjì.