Oríkì Ẹ̀fúùfù Iwájú Òjò, Ìjòyè Tí Kò Ní Ìlú

Ẹ̀fúùfù iwájú òjò ni atẹ́gùn tútù tí í ṣáájú òjò alààrá wọ ìlú, tí í gbálẹ̀ láì mú ìgbálẹ̀ dání, tí í sì ti kọjá lọ kí ẹni tó ń ká aṣọ lórí okùn tó ká a dé ìdajì. Ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń jọba lọ́dún: láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, àti láti oṣù kẹsàn-án títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́. Ìjọba kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Síbẹ̀, ọba tó ti lo ogójì ọdún lórí oyè kò lè pariwo tó o.

Ìjì ńlá fúnra rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ti Ọya nìyẹn, Ọya sì ní oríkì tirẹ̀ tó tó o, kò sí ẹni tí yóò fi ẹ̀fẹ̀ wá ìjà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kì níhìn-ín ni ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ń sáré níwájú, tó ń kígbe "àgò o!" kí ọ̀gá tó yọ, tó wá dúró gba ìkíni tí wọ́n pèsè fún ọ̀gá. Ibi tó sì ti ń gba ìkíni náà kì í ṣe ibi tí wọ́n ti í fi oríkì ṣeré. Òkukù ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé láàárín ọdún 1974 sí 1977, tó ń tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó mọ oríkì í ké, tí ìwé tó kọ lórí iṣẹ́ wọn sì jáde ní 1991. Níbẹ̀, ọba ní oríkì, ọdẹ ní, òkú ní, odò Ọtìn ní. Orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní ìtàn tó so mọ́ ọn nídìí. Ìlànà kan náà ló yẹ ẹ̀fúùfù: orúkọ ṣáájú, ìtàn tẹ̀ lé e. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ìtàn bá ti parí, orúkọ náà kì í lè dìde mọ́.

Oyè tó fẹ́ràn jù ni Aṣíwájú Òjò, arìn-bí-ẹni-tó-mọ̀nà. Kò mọ ọ̀nà kankan. Atẹ́gùn méjì ló ń du ilẹ̀ Yorùbá mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọdún dé ọdún. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, omi kún inú rẹ̀. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, ó gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé nílẹ̀ ni ààlà wọn. Ní oṣù kẹjọ, ààlà náà á ti gòkè dé nǹkan bí ìlà ìbú 20, nílẹ̀ Nìjẹ̀ lọ́hùn-ún, òjò ilé á sì dáwọ́ dúró díẹ̀, ojú ọ̀run á kàn máa ṣú láì rọ̀ tó bó ṣe ṣú. Tí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, ààlà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ padà. Òkukù wà ní ìtòsí ìlà ìbú 8. Nígbà tí ààlà bá kù bí 300 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó kàn án ni òjò alààrá ń tò bí ọmọ ogun, ní ìlà kan tó lè gùn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà láti àríwá sí gúúsù, tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ìlà-oòrùn ló ti ń wá, nítorí náà Igbájọ ń mọ̀ ọ́n kí Ìkìrun tó mọ̀ ọ́n, Ìkìrun á sì ti ránṣẹ́ pe káfíńtà kí Èjìgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé. Afẹ́fẹ́ kan tó ń ṣàn ní kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin lókè ló ń darí gbogbo ìlà náà. Ẹ̀fúùfù ń lọ síbi tí wọ́n darí rẹ̀ sí, ó wá ń pe ara rẹ̀ ní aṣíwájú. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láwùjọ. Àwọn òkè tó wà láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, tó ń gbà kọjá, ni ìbọn ńlá ti dún kíríjì, kíríjì, nígbà ogun tó gbòde láti 1877 sí 1893. Ìró ìbọn náà fi orúkọ sílẹ̀ fún ogun. Ẹ̀fúùfù ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́dọọdún, ewé nìkan ló ń fi sílẹ̀.

Wọ́n tún ń pè é ní Atutù-bí-ẹni-tó-ti-Jọ́ọ̀sì-dé. Oríkì yìí dùn létí, ó sì fẹ́ jọ òótọ́, torí pé àwọn ìlà òjò yìí máa ń ṣẹ̀ lórí òkè Jọ́ọ̀sì nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n òtútù Jọ́ọ̀sì kò sí nínú atẹ́gùn tó fẹ́ ní Ìníṣà. Òjò ló yá a ní òtútù. Bí ẹ̀kán òjò ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ láti inú kùrukùru gíga, ó ń gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ kọjá, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì gbẹ mọ́ ojú ọ̀nà. Omi tó ń gbẹ ń gba ooru lára ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tó bá ti mu omi àmù rí mọ ọ̀rọ̀ náà láìlọ ilé ìwé: omi tó ń yọ́ jáde lára àmù, tó ń gbẹ, ló ń mú èyí tó kù nínú rẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ tó bá tutù báyìí á wúwo ju èyí tó gbóná lábẹ́ rẹ̀, á já wálẹ̀ gbì. Nígbà tó bá kanlẹ̀, kò ní ibòmíràn tó lè gbà, á tàn ká bí omi tí wọ́n dà sórí sìmẹ́ǹtì. Etí ibi tó tàn dé yẹn ni ẹ̀fúùfù iwájú òjò. Ooru ilẹ̀ lè fi ìwọ̀n márùn-ún sí mẹ́wàá lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Akọni tí gbogbo ìlú ń sá fún, ẹni tó ré bọ́ látòkè ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù tó ń bá ìjì ìgbà ìwọ́wé dé yàtọ̀. Òtútù tirẹ̀ ní ìlú, ó ní ìdílé: ẹgbàágbèje kìlómítà afẹ́fẹ́ tó ti ìhà àríwá ayé bọ̀, tí àwọn asọjú-ọjọ́ ń fi ìlà aláwọ̀ aró tó ní eyín ṣoṣoro yà sórí àwòrán ilẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham mọ̀ pé bó bá ti kọjá, ẹ̀wù òtútù kì í tètè kúrò lára. Ti Ìkìrun kò ní ìdílé bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ooru lè ti padà sórí àga rẹ̀ kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó lù.

Ibi tí akígbe ti ń gbóhùn sókè jù ni oríkì Aṣípáànù, a-ṣí-òrùlé-bí-ẹni-ṣí-ìkòkò-ọbẹ̀, ẹni tí kò jẹ nínú ọbẹ̀ tó sì da ìdérí nù. Ìtàn èyí kì í ṣe àwàdà fún onílé. Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń lu ògiri á di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nítorí náà ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ ní 20 kìlómítà ní wákàtí kan ṣe ń fi páànù dárin lásán, tí èyí tó ń fẹ́ ní 60 sì ń gbé e lọ sí àgbàlá alágbàlá. Kì í fi èjìká ti òrùlé láti òkè. Abẹ́ etí òrùlé ló ń yọ́ wọ̀, á máa tì í sókè láti inú, nígbà tí èyí tó ń sáré kọjá lórí ń fà á láti òde. Ìṣó tó ti dípẹtà ló ń kọ́kọ́ jọ̀wọ́, igun òrùlé ló ń kọ́kọ́ lọ. Bí páànù kan bá sì ti fò, ọ̀nà là fún àwọn yòókù. Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ a máa kan ìṣó tó sún mọ́ra ní etí àti ní igun, a sì máa fi irin di igi òrùlé mọ́ ògiri.

Àwọn tí akọni yìí ń bá jà yẹ ní kíkà. Ó ti dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ olóyún dojú bolẹ̀. Ó ti tẹ àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì mọ́lẹ̀ ní oko, ó ti gbé tapólì lórí ìsọ̀ alátà, ó ti lé kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀ padà sínú àpò nígbà tó kù bí ọjọ́ kan kó gbẹ. Ó ń pa iná ìlú kí àwọn tó ń pa á tó rántí. Ilé ìwé tí òrùlé rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ ló ti ń fi ọkùnrin hàn. Àwọn òkè olókùúta tó yí Ìkìrun ká wà níbẹ̀, kò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ rí.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní ni adájòdúró. Nígbà mìíràn, òtútù tó já bọ́ máa ń sáré ju òjò tó bí i lọ, á dé ìlú nígbà tí òjò ti kú sọ́nà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìnáwó, ìjókòó á dàrú, fìlà á fò, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan kò ní kán. Adájòdúró á dìde, á gba owó rẹ̀ tó kù.

Àwọn akígbe kan kò tijú, wọ́n ń fi Ológun Jálumi kún un. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣáájú, fọ́ àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wá ká Ìkìrun mọ́. Àwọn tó ń sá lọ já lu omi Ọtìn, odò náà sì gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ibẹ̀ ni ogun ti gba orúkọ. Ọjọ́ oṣù ṣàlàyé odò: ìparí òjò ni, àsìkò tí omi gbogbo òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ṣì wà nínú Ọtìn. Òjò lè béèrè ìpín nínú ogun náà. Ẹ̀fúùfù kò mú igbá omi kan wá sínú odò.

Oríkì tó kẹ́yìn ni Àdììtú, a-ṣú-níbí-rọ̀-lọ́hùn-ún, àwọn asọjú-ọjọ́ ló sì ni ín. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, tí òfin ọdún 2003 dá sílẹ̀, a máa sọ lójoojúmọ́ ohun tí wọ́n ń retí ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ní àsìkò ẹ̀fúùfù yìí, ohun tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń gbọ́ kò ju pé ó ṣeé ṣe kí ààrá sán ní apá ibì kan. Àwọn tó ń fi gbólóhùn náà ṣẹ̀fẹ̀ kò ro ti kùrukùru. Ìdì kùrukùru kan tó ń sán ààrá lè má fẹ̀ ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, ó sì lè gbó kó kú láàárín wákàtí kan. Ìníṣà lè rẹ gbindingbindin kí Òkukù, aládùúgbò rẹ̀, máa sá ẹ̀gẹ́ lóòrùn.

Ohun tí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè retí láti oṣù kẹsàn-án títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá nìyí: òwúrọ̀ tó mọ́ tó sì ń móoru, ọ̀sán tí ewé kì í mì, kùrukùru dúdú tó dìde ní ìlà-oòrùn láàárín ọ̀sán sí òru, lẹ́yìn náà òórùn ilẹ̀ tútù, lẹ́yìn náà ẹni tí wọ́n ń kì. Ẹni tó bá rí mànàmáná lè ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ààrá yóò fi dún. Mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá ń dín kù, abẹ́ igi kì í ṣe ibi ìfarapamọ́, inú ilé ni. Bí oṣù kọkànlá bá dé ìdajì, ààlà atẹ́gùn méjì náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí gúúsù, òjò á dá, ọyẹ́ á máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, oyè Aṣíwájú Òjò á sì ṣófo títí di oṣù kẹta.