Kásẹ́ẹ̀tì Àlàájì

Nígbà tí mo ń gbé Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, láyé ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì lòde, gbogbo ilé ló gbà pé mo mọ̀ nípa rẹkọ́dà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á kò ju pé mo ní ọ̀kan tó ṣeé gbé kọ́ èjìká, tòun ti máìkì kékeré tó ní wáyà, mo sì máa ń bá wọn ká téèpù tó bá tú. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ ó ki bírò onígun mẹ́fà bọ ihò kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ó máa yí i díẹ̀díẹ̀, téèpù á padà sílé. Ọmọdé lè ṣe é. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Epo ló kọ́kọ́ tú àṣírí Ẹnjiníà. Rẹkọ́dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í han fín-ín fín-ín. Òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì ló yẹ kí n fi nu orí rẹ̀, irin kékeré tó ń dán tí téèpù ń fara kàn kọjá, kí n sì nu rọ́bà roboto tó ń fa téèpù lọ. Ìpẹtà irin tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fi kun téèpù, òun ló ń gba ohùn dúró; bó bá ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ara orí àti rọ́bà yẹn ló ń lẹ̀ mọ́. Mi ò nu nǹkan kan. Mo lọ tọrọ epo máṣíìnì lọ́wọ́ ìyá aránṣọ ilé wa, mo sì ro ó sí gbogbo ohun tó bá ti ń yí níbẹ̀. Híhan dáwọ́ dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà ti mu epo yó. Akọrin tó bá wọ inú rẹ̀, bó ti wù kó mọ orin tó, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Irú ẹ̀rọ báyìí ni mo fẹ́ gbé lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Àgbà, ló kù tó mọ oríkì ilé wa délẹ̀délẹ̀, bàbá mi sì ní kí n lọ gbà á sílẹ̀. Bátìrì mi ti ń kú. Owó tí mo lè fi ra tuntun wà lápò mi, ahun ni mo ṣe: mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sá sóòrùn lórí ògiri. Àṣà gbogbo ayé ni nígbà náà, wọ́n sì máa ń jí díẹ̀ lóòótọ́. Àṣejù tèmi ni pé mo kó kásẹ́ẹ̀tì tì wọ́n, kí ọ̀rinrin lè kúrò lára wọn. Nígbà tí mo fi máa padà dé, oòrùn ti ká ike wọn kò, kò sí èyí tó wọ ẹnu ẹ̀rọ mọ́.

Ni mo bá lọ sí Dùgbẹ̀ lọ ra òmíràn. Ẹni tó ń tà á ní kí n mú 60, tó ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan. Mo ní rárá, 120 ni kó fún mi, wákàtí kan lójú kan. Ó ní téèpù 120 fẹ́lẹ́ jù, pé ike kan náà ni wọ́n ń rọ́ gbogbo gígùn rẹ̀ sí, pé rẹkọ́dà ọlọ́wọ́ a máa jẹ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo dé Ìsẹ́yìn, Ìyá Àgbà ò tíì kì dé ìdí ọ̀rọ̀ tí rọ́bà elépo fi wé 120 mọ́ra. Ohun tí mo fà jáde lẹ́nu ẹ̀rọ náà tó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó kù nínú báàgì mi jẹ́ ti Àlàájì onílé wa, orin Àyìndé Barrister, èyí tó gbé fún mi pé kí n bá òun tún ṣe. Mo gbọ́ ojú kejì lọ síbi tí orin parí, mo rí i pé àyè ṣì kù. Bọ́tìnnì ìgbohùn kọ̀, kò lọlẹ̀, nítorí wọ́n ti ṣẹ́ etí kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí aláìgbọ́n má baà gba ohun mìíràn lé orin. Mo yọ ọ́, mo ki bébà bọ ihò méjèèjì, mo dá a padà, bọ́tìnnì sì lọlẹ̀. Mi ò wò ó pé òdì ni mo dá a padà, pé ojú kìíní ni mo ń gba oríkì lé. Nígbà tí Ìyá sinmi, wọ́n gbé àmàlà fún mi, a ń tàkúrọ̀sọ, mo sì gbàgbé pé ẹ̀rọ ń yí.

Mo délé lálẹ́. Ọmọ Àlàájì ti ń dúró dè mí: bàbá fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì wọn, ìkómọjáde ọmọ-ọmọ wọn ni láàárọ̀ ọ̀la. Mo gbé e fún un tayọ̀tayọ̀.

Barrister kọrin dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn èèyàn ti ń jó. Lójijì, orin gé, ohùn ọmọdébìnrin kan ń sáré ki oríkì. Ìyá Àgbà ni! Sẹ̀ǹtímítà 4.76 ló yẹ kí téèpù máa rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni Philips ṣe é láti 1963. Bátìrì olóòrùn tèmi ń wọ́ ẹsẹ̀ nígbà tí mo gbà á, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni ẹ̀rọ Àlàájì ń lò. Lẹ́yìn oríkì, ọmọdébìnrin náà bèèrè pé, "Àkànní, onílé yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ka omi kànga fún yín?" Ọmọdékùnrin kan dáhùn pé, "Ẹ fi Àlàájì sílẹ̀, Ìyá. Bó bá ṣeé ṣe, ì bá máa gbowó atẹ́gùn tó ń gba fèrèsé wọlé."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, nítorí kò sẹ́ni tó lè dá ohùn yẹn mọ̀. Àfi bí wọ́n ṣe mú iná lọ. Ọmọ Àlàájì, ọmọ tó gbọ́n, sáré wọ yàrá mi, ó tú bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú rẹkọ́dà mi, ó kó wọn sí ti bàbá rẹ̀, ó sì yí téèpù padà sẹ́yìn díẹ̀ kí àwọn àlejò lè tún un gbọ́. Bátìrì tó ń wọ́ ẹsẹ̀ gbé ohùn wọ́ sílẹ̀. Ohùn Ìyá padà di ti àgbà. Tèmi tẹ̀ lé e, ketekete.

Àlàájì ò bínú. Ó dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀, ó ní, "Ẹnjiníà, ti atẹ́gùn yẹn, láti oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ó sì gbà á.