Oríkì Ṣakabùlà, Ọ̀gágun Tí Kì Í Dáhùn

Ṣakabùlà ni ìbọn ìbílẹ̀ tí àwọn ọdẹ Ọ̀fà àti agbègbè rẹ̀ ń gbé kọ́ èjìká wọ igbó títí di òní. Àgbà ìbọn ni, arúgbó olóyè tí irú rẹ̀ ti ilẹ̀ òyìnbó wọ ọkọ̀ ojú omi dé, tí kò sì padà mọ́. Arójú-ogun-ronú ni oyè rẹ̀ àkọ́kọ́. Akíkanjú tí ń gba ìgalà nímọ̀ràn kí ó tó yin ọta, tí ìgalà yóò gbọ́ ìmọ̀ràn tán, tí yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ ní àlàáfíà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Kí ó ṣe é ni ìṣòro. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, ọta á tẹ̀lé e. Òkúta kan wà lẹ́nu apátí, èyí tó dì í mú. Bí ọdẹ bá fa ìbọn, òkúta yóò na irin, iná yóò ta sínú àwo kékeré tí ẹ̀tù díẹ̀ wà, iná àwo yóò sì gba ihò tíńtín kan wọ ikùn ìbọn. Gbogbo ọ̀nà yìí dà bí ọ̀nà tó ní ibodè púpọ̀: oníbodè kọ̀ọ̀kan ló lágbára láti ní kí iná padà.

Òkúta a máa kúnu. Ẹ̀tù a máa fa omi mu, pàápàá láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá tí òjò ń rọ̀ ní Ọ̀fà. Bí ẹ̀tù bá sì jó, ó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ tí ń di èérí dúdú. Èérí yìí á dí ihò, á tún pe ìpẹtà wá bá irin. Nítorí náà ni ọdẹ tó dọdẹ títí di ìrọ̀lẹ́ fi lè fa ìbọn, kí apátí ró kẹ̀, kí àwo kọ yẹ̀rì, kí èéfín bo ojú, kí ikùn ìbọn sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n sin gbèsè. Ọlálọmi Ọlọ́fàgangan tó tẹ ìlú Ọ̀fà dó, ọfà ni ó ń ta, ọfà kì í sì í dúró de iná.

Ìgbà mìíràn wà tí ó máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n ní àsìkò tó wù ú. Kábíyèsí ni, ta ni yóò bi í pé kí ló dé tó pẹ́? Ìdí nìyí tí ọdẹ gidi kì í fi í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá tàbí kí ó yọjú wo ẹnu rẹ̀ bí kò bá dún. Ọ̀nà igbó ni ẹnu ìbọn yóò kọjú sí títí ara yóò fi balẹ̀. Ẹ̀bùn rẹ̀ tó ga jù ni pé ó mọ olówó rẹ̀: lọ́jọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ bá ya, ọwọ́ ẹni tó gbé e ni ó kọ́kọ́ ń kí.

Àìdáhùn yìí kì í ṣe ti ìbọn alágbẹ̀dẹ ìbílẹ̀ nìkan. Ní 1834, ní Woolwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yin ìbọn olókùúta ní ìgbà 6,000. Ìgbà 922 ni kò dún. Irú èyí tí ń fi fìlà bàbà kékeré tanná, ìgbà 36 péré ló ṣìnà nínú 6,000. Oyè Adáhùn-márùn-ún-dákẹ́-lẹ́kẹfà tọ́ sí ìbọn olókùúta, láti ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ.

Ìbọn ìléwọ́ òde òní, èyí tí ń ki ara rẹ̀ lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan, náà ní àléébù. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, irin rẹ̀ á há, ìrọ́pò ọta á kùnà. Àwọn tó ń lò ó á ní kí wọ́n yin ọta bíi 200 sí 500 kí irin tó mọ ara wọn. Bí ó bá ṣì ń há lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo àpò ọta, irú ọta, tàbí ọwọ́ tí kò dì í mú dáadáa. Ìgbà èwe rẹ̀ ń tán. Ti Ṣakabùlà kì í tán: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kì í ni ó ń tún ayé wá.

Ìtàn ogun kò sì bu ọlá fún un tó bí ó ṣe rò. Nínú ogun Jálumi ní 1878, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ń sá bọ̀ láti Ìkìrun, afárá odò Ọ̀tìn tí Ọ̀fà gé ló dá wọn lóró jù. Odò kò nílò òkúta lẹ́nu apátí. Nínú ogun Kírìjì, ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí, tí Èkìtì Parapọ̀ rí gbà láti Èkó, fi ojú ìbọn ìkì-ẹnu àwọn Ìbàdàn rí màbo.

Ṣùgbọ́n ìjọba fẹ́ràn Ṣakabùlà. Ní July 2, 1890, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Brussels fòfin de ìbọn ìgbàlódé láti wọ Áfíríkà láàárín ìlà 20 ní àríwá àti ìlà 22 ní gúúsù. Ọ̀fà bọ́ sí àárín rẹ̀. Ìbọn olókùúta tí inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán, wọ́n ní kí ó máa wọlé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 tẹ̀lé ọ̀nà kan náà: ìbọn ìléwọ́ wà nínú ìwé èèwọ̀, tí Ààrẹ nìkan lè yọ̀ǹda, Ṣakabùlà wà ní ìpín kẹta, ìwé àṣẹ kékeré ló tó fún un. Afọ̀kànbalẹ̀-ìjọba! Wọ́n fọkàn tán an nítorí pé wọ́n mọ ohun tí kò lè ṣe.

Síbẹ̀, àwọn àgbà ní bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Ọlá tí ó kù fún un nìyẹn, àti èyí tó ń rí gbà níbi ìsìnkú ọdẹ, tí wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé, tí wọ́n sì ń yìnbọn sókè. Kò sí ọta nínú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀tù nìkan ni. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ti ẹlòmíràn á ró, olóògbé kò sì ní ka iye tó dún.